Gbogbo Ibà Kọ́ Ni Màléríà

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn ládùúgbò yín pé kí ló ń ṣe é. Kó tó lajú tán, á ti dá yín lóhùn: "Màléríà àti táífọ́ọ̀dù ni." Ẹni tí orí ń fọ́, màléríà. Ẹni tí ara ń ro, màléríà. Ẹni tó ń bì, màléríà pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù. Ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Kò sí. Ta wá ló sọ fún un? Òun fúnra rẹ̀ ni. Àwa náà ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ò ní sọ ọ́ mọ́, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà yéé sọ ọ́, torí pé gbólóhùn kékeré yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àbúrò wa lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìbàdàn la wà, òjò sì ń rọ̀ lemọ́lemọ́. Àbúrò wa obìnrin, ọmọ ọdún 16, dé láti ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé kan, ó ní ẹ̀yìn ojú ń dun òun, bí ẹni pé wọ́n ń fi ìka ti ẹyinjú òun látinú. Kó tó dalẹ́, ara rẹ̀ ti gbóná bí ààrò. Ó ní eegun ń ro òun bí ẹni tí wọ́n nà lẹ́gba. Àwa kúkú mọ ohun tó ń ṣe é, àbí? A lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún wa ní oògùn màléríà, wọ́n fi oògùn ara ríro kún un, ìyẹn ibuprofen. Kò sẹ́ni tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kó wá gba abẹ́rẹ́ màléríà. Lọ́jọ́ kẹrin, ibà lọ. Ara rẹ̀ tutù. Màmá wa dúpẹ́, wọ́n po ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tó ń bì láìdáwọ́ dúró, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ létí èrìgì rẹ̀.

Nílé ìwòsàn tá a sáré gbé e lọ, àyẹ̀wò fi hàn pé kò sí màléríà kankan lára rẹ̀. Ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ti lọ sílẹ̀ gan-an lára rẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló wá bi wá ní ìbéèrè tẹ́nikẹ́ni ò bi wá rí: "Ṣé ẹ̀fọn máa ń jẹ yín lọ́sàn-án nílé yín?" A wo ara wa lójú. Ẹ̀fọn ọ̀sán kẹ̀? Ó ní òun fura sí dẹ́ńgì, ṣùgbọ́n wọn ò ní ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n dá ibuprofen dúró, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọlọ́run ṣàánú, ọmọ yè. Títí dòní, kò sẹ́ni tó lè fi ìwé hàn wá pé dẹ́ńgì ni tàbí pé kì í ṣe òun. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ, a ò rí orúkọ rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ìbínú yẹn ló jẹ́ ká kọ èyí tẹ́ ẹ ń kà yìí.

Irọ́ kan wà tá a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa. Nígbà tá a sọ ọ̀rọ̀ náà fáwọn ọ̀rẹ́ wa, wọ́n ní, "Dẹ́ńgì? Ṣé kì í ṣe àrùn àwọn ará Íńdíà nìyẹn ni?" Rárá o. Láàárín ọdún 1964 sí 1968, ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí àwọn kòkòrò fáírọ́ọ̀sì, wọ́n rí dẹ́ńgì oríṣi kìíní àti oríṣi kejì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí ibà ń ṣe. Wọ́n gbé ìwádìí náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà The Lancet lọ́dún 1971. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ò tíì dáyé nígbà yẹn. Dẹ́ńgì kì í ṣe àlejò nílé wa. Àwa la kọ̀ tá ò kí i.

Lọ́dún 2023, àjọ NCDC tó ń rí sí ìdènà àrùn lórílẹ̀-èdè wa kéde pé dẹ́ńgì ti bẹ́ sílẹ̀ ní Sókótó. Èèyàn 13 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó wà lára wọn. Lọ́dún kan náà, ní Burkina Faso tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa, àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú ju 100,000 lọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló sì bá a lọ. Ṣé ẹ̀fọn máa ń gba físà kó tó kọjá bọ́dà ni?

Ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri, Aedes aegypti lorúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Àwọn onímọ̀ ní inú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kó ẹrú ló gbà dé Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi mímu sínú àgbá. Ẹ rò ó wò ná. Bí wọ́n ṣe ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí Bahia àti Havana, ẹ̀fọn yìí ń bá wọn lọ. Lónìí, àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ọ́n dunjú. Ní Kúbà lọ́dún 1981, èèyàn 344,203 ló mú, 158 kú, ọmọdé sì ni 101 nínú wọn. Ní Brazil lọ́dún 2024, iye tí wọ́n kà ju mílíọ̀nù 6 lọ, àwọn tó kú tó nǹkan bí 6,000.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀ yẹn. A rí iye yẹn sọ torí pé wọ́n kà á ni. Tiwa dà? Mélòó nínú àwọn tí wọ́n ní "màléríà ló pa wọ́n" ni màléríà pa lóòótọ́? Ibi tí wọn ò ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò lè rí nǹkan kà. Ibi tí wọn ò ti rí nǹkan kà, ìjọba á ní kò sí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ làwa náà á máa bá wọn sọ ọ́ pé kò sí nǹkan.

Kẹ́ni kẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé màléríà ò sí. Nàìjíríà nìkan ló ń ru nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo màléríà tó wà láyé, ó sì ń pa ọmọdé wa bí ẹni ń pa adìẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ó yẹ kó tètè yẹ màléríà wò. Ọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni "yẹ̀ ẹ́ wò." Àyẹ̀wò màléríà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Bó bá ní ó wà, ẹ lo oògùn rẹ̀. Bó bá ní kò sí, ẹ má ra oògùn màléríà tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ béèrè pé kí wá ni. Ìbéèrè yẹn làwa ò béèrè, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi ń bá ọ̀tá tí kò sí nílé jà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀fọn fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ la ti ń tan ara wa jù. Ẹ̀fọn màléríà, òru ló ń rìn. Nítorí rẹ̀ la ṣe ń ti fèrèsé láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tá à ń tan kọ́ìlì, tá à ń sùn sínú nẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìyẹn dáa, ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àmọ́ ẹ̀fọn dẹ́ńgì, ojúmọmọ ni tiẹ̀. Á jẹ yín láàárọ̀ tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, á tún padà wá nírọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Dúdú ni, ó ní àmì funfun funfun lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ràn abẹ́ tábìlì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn aṣọ tá a fi kọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ ló sábà máa ń jẹ. Nígbà tí nẹ́ẹ̀tì yín ṣì wà ní kíká sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọmọ yín jókòó tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ìgbà yẹn lòun ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀.

Ibi tó ń bímọ sí ńkọ́? Gbogbo wa la máa ń nawọ́ sí gọ́tà. Gọ́tà ládùúgbò dọ̀tí, lóòótọ́, ó sì ní ẹ̀fọn tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tá à ń wí yìí ò fẹ́ ẹrọ̀fọ̀. Omi tó mọ́ ló ń wá: dúrọ́ọ̀mù tá ò dé, bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìnkùlé, táyà tí òjò rọ̀ sí, agolo mílíìkì, èèpo àgbọn, abọ́ omi adìẹ, àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó, àní àwo tí omi ń kán sí lẹ́yìn fíríìjì. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Nígbà tá a dé láti ilé ìwòsàn, a lọ ṣí dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn kíṣìnnì wa. Tanwíjí ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Omi tá a fi ń wẹ̀ nìyẹn o. Oṣooṣù là ń ra oògùn ẹ̀fọn tí à ń fín, síbẹ̀ àwa fúnra wa là ń sin ẹ̀fọn lẹ́yìnkùlé bí ẹni ń sin ẹja.

Ìyá àgbà wa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ ò mọ tanwíjí? Wolé-wolé ì bá ti mú yín." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọ̀dọ́, ó lè jẹ́ inú eré ìtàgé nìkan lẹ ti gbọ́ orúkọ wolé-wolé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni, láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn títí di ẹ̀yìn òmìnira. Wọ́n á wọlé láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n á ṣí àmù wò. Bí wọ́n bá rí tanwíjí níbẹ̀, onílé wọ gàù, ó lè di ọ̀rọ̀ kóòtù. Ìyá àgbà ní bí ọmọdé bá ti pariwo pé "Wolé-wolé ń bọ̀!", gbogbo agboolé á ti máa da omi nù. Wọ́n ń fi àwọn èèyàn náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń bẹ̀rù wọn, torí àwọn míì nínú wọn le bí ojú ẹja. A ò ní kí ìjẹgàba ayé ọjọ́un padà wá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ẹni tó ṣí àmù wò yẹn mọ ibi tí ìjà wà. Lónìí, wọ́n lè wá wo rìsíìtì owó ilẹ̀, wọ́n lè wá wo síńbọ́ọ̀dù. Ta ló ń wo inú dúrọ́ọ̀mù?

A mọ ohun tí àwọn kan á sọ báyìí. Wọ́n á ní: "Ìjọba ni kẹ́ ẹ bá wí, ẹ yé dá àwọn èèyàn lẹ́bi." Òtítọ́ wà ńbẹ̀, a ò ní jiyàn. Kí ló dé tí dúrọ́ọ̀mù fi wà lẹ́yìn kíṣìnnì wa? Torí pé omi ẹ̀rọ ò yọ ni. Bí omi bá ń yọ nínú ẹ̀rọ lójoojúmọ́, ta ló máa fẹ́ kó dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta jọ? Ìlú tí wọ́n sọ fún pé kó lọ wá omi fúnra rẹ̀ ò lè ṣe kó má tọ́jú omi pamọ́. Omi ẹ̀rọ tó ń yọ déédéé wà lára oògùn ẹ̀fọn tó lágbára jù, kò sì sí kẹ́míìsì tó ń tà á. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ agolo àti táyà: bí ẹni tó ń kólẹ̀ ò bá wá fún oṣù kan, ẹ̀yìnkùlé ni ilẹ̀ ń lọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tó ń tú èéfín oògùn wá sí títì, tí àwọn tẹlifíṣọ̀n ń yà á, ẹ má pàtẹ́wọ́ tán. Èéfín yẹn lè pa àwọn tó ń fò lọ́jọ́ náà. Kò kan àwọn tó wà nínú omi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn míì á ti hu ìyẹ́. Ẹ béèrè omi lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ìjọba ò dé dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tá à ń bínú sí gómìnà, tanwíjí ń dàgbà. Bó bá ti pa nínú ẹyin, láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 ló máa di ẹ̀fọn tó lè fò. Ẹ wá rí ibi tí agbára wa wà: bí a bá ń wá a kàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò ní lè dàgbà. Ẹ̀fọn yìí kì í sì í rìn jìnnà. Ó ṣọ̀wọ́n kó fò ju 400 mítà lọ síbi tí wọ́n ti bí i. Ìyẹn ni pé èyí tó jẹ ọmọ yín, bóyá inú ọgbà yín ni wọ́n ti bí i, tàbí ti aládùúgbò yín.

Aládùúgbò tiwa, Bàbá tó ń fọ́n táyà ni. Táyà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn lé ní ogún, omi òjò sì wà nínú gbogbo rẹ̀. A lọ bá wọn, a kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ, táyà yìí ni mo fi ń jẹun o. Ṣé kí n kó o sórí ni?" A ní rárá, Bàbá, ká sáà fi nǹkan bò ó. Wọ́n ní, "Ta ló máa ra tapólì?" Ìbéèrè gidi ni. A dá owó jọ láàárín ilé mẹ́rin, a ra tapólì. Bàbá fúnra wọn bá wa lu ihò sí àwọn èyí tó ti bàjẹ́ pátápátá kí omi lè máa jò jáde. Kò ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. A ò dúró de NGO kankan.

Ohun tá à ń ṣe nílé báyìí rèé, ẹ lè jí i lò. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, ẹnì kan nínú wa ni wolé-wolé ọ̀sẹ̀ náà. Á yí gbogbo ọgbà po. Ohun tí kò wúlò, á dojú rẹ̀ dé tàbí kó kó o dànù. Ohun tó wúlò, á da omi inú rẹ̀ nù, á fi kànrìnkànrìn fọ ara rẹ̀ nínú dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìyẹn. Ẹ̀fọn yìí máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù lókè omi; bẹ́ ẹ bá da omi nù tẹ́ ẹ ò fọ̀ ọ́, ẹyin á wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọjọ́ tí omi bá tún kàn án, á pa. Dúrọ́ọ̀mù tá a ṣì ń lò, ọmọrí tó bá a mu la fi ń dé e, tàbí ká fi nẹ́ẹ̀tì tí kò já bò ó dáadáa, ká so ó yíká. Lọ́sàn-án, ọmọ tó bá ń sùn, inú nẹ́ẹ̀tì ni. A fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Àwọn ọmọ ilé ìwé wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn.

Bí ẹnì kan bá sì dùbúlẹ̀ ńkọ́? Ẹ yẹ màléríà wò. Ẹ fún un ní parasítámọ́ọ̀lù níwọ̀n tó yẹ, ẹ jẹ́ kó sinmi, kó máa mu omi dáadáa. Bí ẹ ò bá tíì mọ irú ibà tí í ṣe, ẹ má fún un ní asipírìn, ẹ má fún un ní ibuprofen, torí wọ́n lè dá kún ẹ̀jẹ̀ yíyọ. Ẹ fi aláìsàn náà sínú nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án. Kì í ṣe nítorí tiẹ̀ nìkan: ẹ̀fọn tó bá jẹ ẹ́ lásìkò tí ibà wà lára rẹ̀ lè gbé e fún gbogbo ilé. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù, tí àwa ò mọ̀: ìgbà tí ibà bá ń lọ ni ewu ń bọ̀. Bí ara bá tutù, tí inú wá ń run ún gidi, tó ń bì léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní imú tàbí èrìgì, tó ń mí gúlegúle, tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ tàbí tó rẹ̀ ẹ́ jọjọ, ẹ má po ẹ̀kọ. Ẹ wá ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí dẹ́ńgì mú ló máa ń yè láìsí wàhálà. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó mú àwọn. Àmọ́ oríṣi 4 ló pín sí, èyí tó bá múni lẹ́ẹ̀kejì, bó bá jẹ́ oríṣi mìíràn, ló sábà máa ń le jù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ èyí tó ti mú wa rí. Kò sì sí oògùn tó ń pa á lára. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà, Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún àwọn ọmọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2024. Kò sí lára àwọn tí wọ́n ń gún fún ọmọ tiwa. Ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí wọ́n ń gún fún ọmọ oṣù 9, ẹ má ṣe kó kọjá yín, ṣùgbọ́n kò ní ká dẹ́ńgì kò.

Ọ̀rọ̀ wa kù kan, ọ̀rọ̀ èdè ni. Àwọn àgbà wa ò pe gbogbo ibà ní orúkọ kan ṣoṣo. Wọ́n wo ojú aláìsàn, wọ́n wo ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lèyí. Ìyẹn àyẹ̀wò ni, orúkọ sì ni. Àwa tá a ní fóònù lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ méjì péré la mọ̀, àyá òyìnbó sì ni méjèèjì. Àwọn tó ń sọ gẹ̀ẹ́sì ní ìnagijẹ tí wọ́n fún dẹ́ńgì, ohun tó túmọ̀ sí ni ibà tó ń fọ́ eegun. Ṣé àwa ò lè pè é ní ibà afọ́eegun ni? Bẹ́ ẹ bá ní orúkọ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un wá. Kó ṣáà lórúkọ. Ìyá tó bá mọ orúkọ rẹ̀ lè wọ ilé ìwòsàn kó bi dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe ibà afọ́eegun?" Ó lè máà jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n wọ́n á ronú kàn án. Bí ọgọ́rùn-ún ìyá bá béèrè, wọ́n á ra ohun àyẹ̀wò.

Ẹ má dúró di ọjọ́ tí dókítà máa bi ẹ̀yin náà bóyá ẹ̀fọn ń jẹ yín lọ́sàn-án. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, òótọ́ ni. Àmọ́ tiwa yìí, omi tó wà lẹ́yìnkùlé la ní kẹ́ ẹ lọ dà nù. Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ lọ ṣí dúrọ́ọ̀mù yín wò.